Mọ́tò Kan, Ojúlé Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé oṣù, tí ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ ọdún kẹwàá

A mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ ti ń ta sánsán lẹ́yìn ilé, pé kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ báńkì débi pé bí ìṣirò kan bá wọ́, a kì í lè sùn.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé nìyí. Mẹ́fà nínú wa ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi ra mọ́tò oníná. Ẹ̀rí tí ọ̀kan nínú wa jẹ́ níbí ló fà á. Ó dìde lójú gbogbo wa, ó ní oṣù mẹ́ta rèé tí òun ti ń gbé mọ́tò oníná lọ síbi iṣẹ́ ní Ṣágámù, pé òun kì í yà sílé epo mọ́, pé ilé ni òun ti ń cháájì rẹ̀ lálaalẹ́, àti pé owó tó ń ti ọwọ́ òun jáde lé e lórí kò pé ₦20,000 lóṣù. Ó ní bí ẹni ń cháájì fóònù ni.

A pàtẹ́wọ́. Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Gbogbo wa la rántí pé kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì pé ₦200 nílé epo ìjọba. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ, ó fò kọjá ₦500, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 níbi púpọ̀. Bí ẹnìkan bá wá ní òun ti rí ọ̀nà tí òun fi ń lọ Ṣágámù ní ₦20,000 lóṣù, àfi ká gbé e gun ẹṣin lọ́jọ́ Ọjúde Ọba.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a bọ́ agbádá, ìṣirò náà ń jẹ wá lọ́kàn. A mú ìwé àti kálámù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí yúnìtì jẹ́, torí ojoojúmọ́ là ń rà á, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í bèèrè. Ohun èlò tó bá ń fa 1,000 watt, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko láìsinmi, ó ti jẹ yúnìtì kan. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ kò jìnnà sí 1,000 watt. Gílóòbù LED tó jẹ́ 10 watt yóò tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ yúnìtì kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí pé wọn ò pa iná kò fi tíì rí olè tó ń jà á. Fírísà ńlá tí a kó ẹja sí máa ń jẹ tó yúnìtì méjì lójúmọ́. Yúnìtì kan náà yóò cháájì fóònù yín ní nǹkan bí ìgbà 40 sí 50.

Mọ́tò ọ̀rẹ́ wa ńkọ́? Nissan Leaf ni, Tòkunbọ̀, irú èyí tí bátìrì rẹ̀ ń gba 40 yúnìtì nígbà tó wà ní tuntun. Bí a bá fẹ́ fi wé fóònù, bátìrì kan ṣoṣo yẹn ju 2,000 fóònù lọ. Lójú ọ̀nà wa, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣeé pa nínú oòrùn, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń lo yúnìtì 17 tàbí 18 fún 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tí mítà bá kà ló ń wọ inú bátìrì. Díẹ̀ ń di ooru nínú wáyà, díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìcháájì, bí ìgbà tí a bá ń pọn omi nínú korobá tó ń jò. Bí ẹ bá ka 20 yúnìtì lójú mítà fún 100 kìlómítà, ẹ ò ní jìnnà sí òótọ́, ẹ ò sì ní tan ara yín jẹ. Àlọ àti àbọ̀ Ṣágámù láti Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà. Yúnìtì 16 nìyẹn lójúmọ́. Ọjọ́ 22 ló ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, ó di 352 yúnìtì.

Band A ni wọ́n fi àdúgbò rẹ̀ sí, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì Band A lọ sí ₦225. Lẹ́yìn náà ó wálẹ̀ sí ₦206.80, ó tún gun ₦209.50. A lo ₦209.50 yẹn, a fi owó orí ọjà 7.5% kún un, 352 yúnìtì sì di ₦79,000 ó lé díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ní ₦20,000. Ìwé wa ní ₦79,000. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ owó rí mọ̀ pé bí ₦59,000 bá sọnù nínú ìwé, kò ṣubú sínú odò. Ó wà lọ́rùn ẹnìkan níbìkan.

A pè é. A ò pè é láti fẹ̀sùn kàn án, torí a mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpùrọ́. A ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ra iná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yọjú.

Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé. Ojúlé mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ wà lókè, olùkọ́ kan àti aya rẹ̀ wà lókè kan náà, télọ̀ kan wà nísàlẹ̀, ìyá kan tí ọkọ wọn ti kú, tí wọ́n ń ta ẹja dídì, ló gba ojúlé kẹrin. Mítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Bí yúnìtì bá ti fẹ́ tán, wọ́n á dáwó, ojúlé kọ̀ọ̀kan á mú ìdá kan nínú mẹ́rin wá. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a jà rí.

Kí mọ́tò tó dé, ilé náà ń jẹ nǹkan bí 400 yúnìtì lóṣù, ìyẹn ₦90,000, ojúlé kọ̀ọ̀kan ń san ₦22,500. Nígbà tí mọ́tò dé, ó di 752 yúnìtì, ₦169,000, ojúlé kọ̀ọ̀kan wá ń san ₦42,000 ó lé. Ọ̀rẹ́ wa wo owó tirẹ̀, ó rí i pé ó fi bíi ₦20,000 lé sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí mọ́tò òun ń jẹ nìyẹn. Òótọ́ tó mọ̀ ló sọ fún wa. Ṣùgbọ́n bí ₦20,000 ṣe ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló ń ti ọwọ́ olùkọ́ jáde, tí òmíràn ń ti ọwọ́ télọ̀ jáde, tí ìyá ẹlẹ́ja náà sì ń san tiwọn, gbogbo rẹ̀ lórí mọ́tò tí ìyá kò tíì wọ̀ rí lọ sí ọjà.

Èyí tó dùn wá jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà kí a tó débẹ̀. Ará ilé kì í yà òmùgọ̀, wọ́n rí i pé iná ń tán kíákíá. Wọ́n ṣe ìpàdé. Ojú gbogbo wọn sì lọ sára fírísà. Fírísà méjì ni ìyá ní, ó wà lójú ọ̀nà, ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kò rí i. Mọ́tò ní tirẹ̀, òru ló fi ń jẹun, kò dún, kò rùn, ilé ti sùn nígbà tó ń jẹ ẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti jáde. A ó sọ òdodo: ìyá ń lo iná ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Nínú 400 yúnìtì àtijọ́ yẹn, a fojú díwọ̀n rẹ̀ pé tiwọn á tó 150, wọ́n sì ń san ti 100. Àwọn fúnra wọn mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi lè jiyàn nígbà tí wọ́n nawọ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀rẹ́ wa tó wá jẹ́rìí níbí ni wọ́n ta fírísà kan. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: fírísà méjèèjì ń jẹ yúnìtì 4 lójúmọ́, mọ́tò ń jẹ 16. Ìyá ta ìdajì ọjà wọn nítorí yúnìtì méjì, nígbà tí fírísà mẹ́jọ ń sùn nínú ọgbà ní àwọ̀ mọ́tò.

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará báńkì, a sì ní kí mítà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́ta láti inú ìgbìmọ̀ lọ síbẹ̀ ní alẹ́ Sátidé kan, gbogbo ará ilé jókòó, iná sì dúró dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́sàn-án, mítà ní ó ku 61.8. A kò fi mọ́tò síná, a sì ní kí kálukú máa lo ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, ó ku 61.2. Ọ̀rẹ́ wa wá ki mọ́tò bọ iná. Ní aago mọ́kànlá, ó ku 58.3. Ilé tó ní ojúlé mẹ́rin jẹ 0.6 ní wákàtí kan. Nígbà tí mọ́tò dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di 2.9. Mọ́tò nìkan ló jẹ 2.3 yẹn. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tún un kà." A tún un kà. Wọ́n wọlé lọ sùn, wọn kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹnikẹ́ni nínú yín lè dán èyí wò nílé láìpe oníná. Wákàtí kan láìsí mọ́tò, wákàtí kan pẹ̀lú mọ́tò, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ wa lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ó kó iye tí ojúlé mẹ́ta san lé e lórí fún oṣù mẹ́ta jọ, ó di nǹkan bí ₦178,000. Ó ti dá ìdajì padà, ti ìyá ló sì kọ́kọ́ san tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ níbí, ó ní ibi tí òun ti gba àtẹ́wọ́ ni kí wọ́n ti gbọ́ ìyókù. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ wa, a kí ọ o.

Ó bi wá ní ìbéèrè kan lálẹ́ Sátidé yẹn, ìbéèrè náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ó ní kí òun tó ra mọ́tò, òun kà á lórí fóònù pé mọ́tò oníná kì í jẹ tó ìdajì iná tí ilé ń jẹ. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni? A ní rárá, wọn ò purọ́. Ilé ta ni wọ́n ń sọ?

Ilé ará Amẹ́ríkà ni. Lọ́hùn-ún, ìdílé kan ń jẹ ju 10,000 yúnìtì lọ lọ́dún, torí iná ló ń fi atẹ́gùn tútù kún gbogbo yàrá, iná ló ń gbẹ aṣọ, ní ilé púpọ̀ iná náà ló ń gbé omi gbóná. Mọ́tò tí wọ́n ń wà káàkiri níbẹ̀ lè jẹ nǹkan bí 4,000 lọ́dún. Ó kéré sí ìdajì lóòótọ́. Ẹ wá sọdá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso owó iná níbẹ̀, ka 2,700 yúnìtì lọ́dún fún ilé tí kò pọ̀ tí kò kéré, torí gáàsì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú ilé móoru. Mọ́tò tó bá rin 12,000 kìlómítà lọ́dún yóò jẹ nǹkan bí 2,400. Mọ́tò ti fẹ́ bá ilé dọ́gba nìyẹn. Ẹ wá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúlé ọ̀rẹ́ wa, pẹ̀lú fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ń jẹ nǹkan bí 90 lóṣù, tí í ṣe 1,080 lọ́dún. Mọ́tò rẹ̀ ń jẹ ju 4,200 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Ìrìn tí mọ́tò rẹ̀ ń rìn lọ́dún àti ti ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, iná tí méjèèjì ń jẹ kò jìnnà síra. Ilé ni kò dọ́gba. Ẹni tó bá ní kí a fi ìdá iná ilé sọ ohun tí mọ́tò ń jẹ, a máa kọ́kọ́ bi í pé mélòó ni fírísà rẹ̀. Kìlómítà ni kí ẹ máa fi kà á.

Nítorí náà, kí ẹ má ka mọ́tò oníná mọ́ ohun èlò inú ilé. Ẹ kà á sí ayálégbé. Ó dé, ó gba àyè nínú ọgbà, ó ń jẹ iná bí ìdílé mẹ́rin, ó sì yẹ kó máa san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

A fẹ́ mẹ́nu ba àwọn nǹkan díẹ̀ tí àwọn mẹ́fà tó kọ̀wé bi wá. Ọ̀kan ní ṣé kò ní dáa kí òun máa fi jẹnẹrétọ̀ cháájì rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá síná. Ká ní lítà bẹntiróòlù kan fún yín ní yúnìtì méjì lára jẹnẹrétọ̀ ilé, 352 yúnìtì á gba 176 lítà. Mọ́tò bẹntiróòlù tó ń jẹ lítà 9 fún 100 kìlómítà á lo 158 lítà fún ìrìn kan náà. Ẹ ti sọ owó nù, ẹ tún ti fi ariwo kún un. Bí iná kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ dáńfó.

Òmíràn ní oòrùn ńkọ́. Oòrùn dára. Ní ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣíṣe ṣí ibi ìcháájì tó ń lo oòrùn sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì 500 watt kan máa ń fún wa ní bíi yúnìtì méjì lójúmọ́ ní apá ibí yìí, a ó sì nílò mẹ́jọ fún mọ́tò nìkan. Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn lórí òrùlé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù ni mọ́tò wà. Yóò yá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé lára ju ẹni tó ń jáde lọ.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló ń bà wá lẹ́rù jù. Wáyà ìcháájì tó sábà máa ń bá àwọn mọ́tò yìí wá láti ilẹ̀ òyìnbó ń fa ámpìà 10, kò ju ti kẹ́tùlù lọ. Kẹ́tùlù ń ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mọ́tò ń ṣe é fún wákàtí méje. Bí iná bá lọ sílẹ̀ sí 180 volt, bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa nírọ̀lẹ́, wákàtí méje á di mẹ́sàn-án. Ilé tí wọ́n ti fa wáyà rẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń mì lára ògiri, kò ṣeé fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí láti alẹ́ dàárọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ wa ti yọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a débẹ̀, ó rò pé ooru ló fà á. Ẹ pe oníná tó mọ iṣẹ́, kó fa wáyà tó nípọn tààrà láti ojú mítà, kó fún un ní fíúùsì tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ra ti Amẹ́ríkà, kó wo ara wáyà náà dáadáa: 120 volt ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Èyí tí wọn kò bá kọ 240 sí lára, kó má ki í bọ ojú iná wa.

Àwọn kan fẹ́ fi ẹ̀rọ ìcháájì ńlá tó ń fa 7.4 kìlówáàtì kọ́ ara ògiri. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí mẹ́wàá nínú wa tó wà ládùúgbò kan bá ki tiwọn bọ iná lẹ́ẹ̀kan náà, 74 kìlówáàtì ni. Tiransifọ́mà 300 kVA tó ń bọ́ gbogbo òpópónà ti fún wa ní ìdá mẹ́rin ara rẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó tan gílóòbù. Àwọn aládùúgbò tó bá dáwó tún un ṣe nígbà tó bá gbiná kò ní bi wá bóyá a ń gbádùn mọ́tò wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi òfin bójú tó èyí: láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀rọ ìcháájì ilé tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣètò tẹ́lẹ̀ láti yẹra fún àsìkò tí gbogbo ilé ń lo iná, àwọn oníná tiwọn sì ń ta iná òru lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ní mọ́tò. Lọ́dọ̀ wa, iye kan náà ni lọ́sàn-án àti lóru. Síbẹ̀, lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, volt máa ń gòkè, tiransifọ́mà sì ń mí.

Ní ti owó tí ẹ fẹ́ yá, a ò ní kí ẹ má yá a. Bí lítà epo bá jẹ́ ₦900, ìrìn Ṣágámù yẹn lóṣù jẹ́ ₦142,000 lórí bẹntiróòlù, ₦79,000 lórí iná, bí ẹ bá san gbogbo ₦79,000 náà fúnra yín. Èrè tó kù jẹ́ ₦63,000. Owó gidi ni. Bí mọ́tò oníná tí ẹ fẹ́ rà bá fi mílíọ̀nù mẹ́ta ju oníbẹntiróòlù tí ẹ ò bá rà lọ, ọdún mẹ́rin ni ẹ ó fi rí owó yẹn padà, láì ka èlé. Ẹni tó jẹ́ pé ilé dé ọjà ni ìrìn rẹ̀, yóò gbà á ní ọdún púpọ̀ sí i, bóyá bátìrì á sì ti rẹ̀ kó tó gbà á, pàápàá irú Leaf yìí tí wọn kò fi omi tù bátìrì rẹ̀ nínú ooru. Ẹni tó ń rìn jìnnà, tó wà ní Band A, tó dá mítà ní, òun ni ọ̀rọ̀ yìí dára fún jù. Nínú àwọn mẹ́fà, a rí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti wá fẹnu kò pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yóò yá ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò oníná lówó, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ béèrè mítà. Bí mítà ilé bá jẹ́ ti ojúlé kan ṣoṣo, ó parí. Bí ó bá jẹ́ àjùmọ̀lò, ẹni náà gbọ́dọ̀ so mítà kékeré mọ́ wáyà mọ́tò rẹ̀, kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti rí i. Akápò ní ó ṣòro láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. A ti bá a tẹ fọ́ọ̀mù tuntun, ó wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn, kí àwọn mẹ́fà wá gba tiwọn kí wọ́n tó lọ.

Ọ̀rẹ́ wa ti so mítà kékeré tirẹ̀ mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ìyá ẹlẹ́ja, níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n máa ń kà á. Èyí tí wọ́n kà gbẹ̀yìn jẹ́ 338, torí ó lo ọjọ́ kan nílé nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyá ni wọ́n pè kí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ bá ìkọ́kọrẹ́.